Ọwọ́ Ta Ni Ẹ̀rí Wà? Ẹjọ́ Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀ Nílé Iṣẹ́ Samsung

Ní oṣù kẹta ọdún 2007, Hwang Yu-mi, ọmọ ọdún 22, kú sínú takisí bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ti ilé ìwòsàn bọ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Láti 2003 ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Samsung ní Giheung, Gúúsù Kòríà, níbi tó ti ń ri pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà bọ inú kẹ́míkà. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà lójú kan ti bá àrùn yẹn kan náà lọ ní 2006. Bàbá rẹ̀, Hwang Sang-gi, lọ bá àjọ ìjọba tó ń sanwó fún ẹni tí iṣẹ́ bá pa lára. Èsì tó gbà ni pé kò sí ẹ̀rí.

“Kò sí ẹ̀rí” jọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì létí, àmọ́ ká kọ́kọ́ béèrè ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rí wà. Kí dókítà tó lè so àrùn mọ́ kẹ́míkà, ó gbọ́dọ̀ mọ irú kẹ́míkà tó jẹ́, bó ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́, àti iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi ń fà á símú. Wákàtí nìkan ni òṣìṣẹ́ mọ̀. Ìyókù wà nínú fáìlì iléeṣẹ́, Samsung sì ní àṣírí òwò ni. Nígbà tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ ní 2018 pé kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò ibi iṣẹ́ han ẹbí òṣìṣẹ́ kan tó ti kú, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí òwò ní ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ òpómúléró orílẹ̀-èdè wà nínú rẹ̀. Ó tún ku èyí tó yani lẹ́nu jù: nígbà tí àwọn ẹbí pe àjọ ìjọba tó ní kò sí ẹ̀rí yẹn lẹ́jọ́, Samsung tí ẹnikẹ́ni ò pè wọ kóòtù lọ gbè sẹ́yìn àjọ náà. Síbẹ̀ adájọ́ dá ẹbí Yu-mi láre ní 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2014. Ní 2017, nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ Samsung mìíràn, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ là á mọ́lẹ̀ pé bó bá jẹ́ kíkọ̀ tí iléeṣẹ́ kọ̀ láti tú ìwé sílẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ̀rí ṣọ̀wọ́n, adájọ́ lè tìtorí ìyẹn gbè sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́.

Àwọn kan á ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ máa ń mú ẹni tí kò fojú kan ilé iṣẹ́ rí, àti pé láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, àwọn kan á ṣàìsàn ṣáá ni. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwádìí tó kó èèyàn púpọ̀ pọ̀ nìkan ló lè yanjú ẹ̀. Irú rẹ̀ jáde ní oṣù karùn-ún 2019, láti ọwọ́ àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́: òṣìṣẹ́ bí 200,000 nílé iṣẹ́ ṣíìpù mẹ́fà. Ewu kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa àwọn obìnrin ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.71 ti ará ìlú lápapọ̀. Bí wọ́n sì ṣe fi wọ́n wé àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, ó di 2.3. Kí ló fà á? Ẹni tára rẹ̀ ò le kì í sábà ríṣẹ́ gbà, nítorí náà òṣìṣẹ́ tí a bá fi wé gbogbo ìlú, tó fi mọ́ àwọn aláìsàn, á dà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Àmọ́ ọdún méjìlá ti kọjá lórí ikú Yu-mi kí ìwádìí yìí tó dé.

Ohùn ará ìlú ló ṣe ohun tí sáyẹ́ǹsì ò tíì lè ṣe. Ní 2014 sinimá kan tí àwọn èèyàn dá owó rẹ̀ jọ sọ ìtàn náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn Samsung tọrọ àforíjì, ó ní òun á yọwọ́ nínú àwọn ẹjọ́ náà. Ní 2015 ó gbé owó won bílíọ̀nù 100 kalẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò gbà á. Àwọn tó kọ̀ ọ́ jókòó síwájú iléeṣẹ́ náà ní Gangnam fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọjọ́, títí ìgbìmọ̀ tí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tẹ́lẹ̀, Kim Ji-hyung, ṣe alága rẹ̀ fi parí ìjà náà ní 2018. Owó gbà-má-bínú tó ga jù jẹ́ won mílíọ̀nù 150.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ìbínú ará ìlú lè dá aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹ́bi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó bá bẹ̀rù ìyẹn ní oògùn rẹ̀ lápò: kó ṣí fáìlì. Nínú àforíjì mìíràn tó ṣe ní 2018, Samsung gbà pé òun ò bójú tó ewu ibi iṣẹ́ tó, kò sọ pé kẹ́míkà ló fa àrùn. Fáìlì náà ńkọ́? Ní 2019, ilé aṣòfin Kòríà tún òfin ṣe kí ìmọ̀ ẹ̀rọ òpómúléró wọ̀nyẹn má ṣe máa jáde síta, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 2020.