Orúnkún Tí A Fi Ń Gbàdúrà: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Abẹ Iṣan Orúnkún

Nínú ìtẹ̀jáde yìí, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bá àwa fúnra wa wí kí ó tó kan ẹlòmíràn.

Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa ní Ìkẹjà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran. Ní Sátidé kan, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Agége. Kò sí ẹni tí ó kọlù ú. Ó ń sáré bọ̀, ó fẹ́ yà sí apá òsì lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yí. Ó ní òun gbọ́ ìró kan nínú orúnkún òun, pọ̀! bí ìgbà tí okùn bá já. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún náà ti wú.

A gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wíwú náà lọ sílẹ̀, ìrora sì dínkù. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, a pè é síwájú, a sì ní kí ó fò sókè kí gbogbo ìjọ rí i. Ó fò. Ìjọ hó yèè. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó padà sórí pápá. Kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí orúnkún náà fi yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè na ẹsẹ̀ náà tán mọ́. Nígbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣan tí ó já ní ìjọ́sí kò so rárá, àti pé nǹkan rírọ̀ tí ó dà bí tìmùtìmù láàárín eegun méjèèjì ti ya pẹ̀lú.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni a ní kí ó fò. A kò lè di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn oníṣègùn léèrè, tí a sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ ohun tí àwa kò mọ̀ nígbà náà.

KÍ NI Ó JÁ?

Iṣan mẹ́rin pàtàkì ni ó de eegun itan mọ́ eegun ojúgun nínú orúnkún. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Méjì yòókù wà nínú gan-an, wọ́n sì dábùú ara wọn. Èyí tí ó wà níwájú nínú àwọn méjì yìí ni ó sábà máa ń já nígbà tí ènìyàn bá sáré tí ó sì yà lójijì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di eegun ojúgun mú kí ó má baà yọ̀ síwájú.

Eegun tí ó dá máa ń so. Iṣan yìí kì í sábà so bẹ́ẹ̀. Wíwú lè lọ, ìrora lè lọ, ènìyàn sì lè máa rìn dáadáa lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, síbẹ̀ kí okùn inú wà ní jíjá. Àmì rẹ̀ ni pé orúnkún á máa yẹ̀ nígbà tí a bá yà tàbí tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Fọ́tò X-ray kì í fi iṣan náà hàn, nítorí eegun ni ó ń yà. Dókítà eegun ni ó ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ MRI a sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń kọ́kọ́ sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun. A kò bú wọn, ṣùgbọ́n eegun kọ́ ni ó dá níhìn-ín. Fífa ẹsẹ̀ náà àti fífi omi gbígbóná wọ́ ọ ní ọjọ́ kìíní lè dá kún wíwú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a sinmi, kí a fi aṣọ wé yìnyín, kí a gbé e lé e fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a fi báńdéèjì dì í, kí a gbé ẹsẹ̀ sókè, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn.

ǸJẸ́ ÀDÚRÀ ÀTI IṢẸ́ ABẸ Ń BÁRA WỌN JÀ?

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá gbà kí a la òun ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Hesekáyà Ọba nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 20. Ó ṣàìsàn dé ojú ikú. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìlérí yìí ni wòlíì Aísáyà tún ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo ọba. Ẹni tí ó ṣe ìlérí kò bínú sí oògùn náà.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí iṣan yìí já ni a gbọ́dọ̀ là. Ní Swídìn, àwọn oníṣègùn tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ 121 tí iṣan yìí já, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Wọ́n tètè la apá kan. Wọ́n fi eré ìdárayá tọ́jú apá kejì ná, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ṣì nílò abẹ padà wá. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín wọn, àwọn 23 péré nínú 59 tí ó wà ní apá kejì ni wọ́n sì padà wá fún abẹ. Nítorí náà, ẹ bi dókítà yín léèrè. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀, tàbí tí nǹkan mìíràn ti ya pẹ̀lú rẹ̀, bíi ti arákùnrin wa, ni ó sábà máa ń nílò abẹ.

ÌMÚRASÍLẸ̀

Lágbègbè wa, a lè rí àwọn dókítà eegun ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Ìpínlẹ̀ Èkó, LASUTH, ní Ìkẹjà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn kékeré tí ó sì di ti ìkọ́ṣẹ́ ní 2001. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìgbòbì, èyí tí ó ti ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ẹ má kánjú wọ yàrá abẹ pẹ̀lú orúnkún wíwú. Ó dára kí wíwú kọ́kọ́ lọ, kí ẹsẹ̀ lè nà tán, kí iṣan itan sì lágbára. Ẹni tí kò lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán ṣáájú abẹ lè máà lè nà án tán lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ya ni ó há ẹsẹ̀ náà, dókítà ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe.

Èkejì, ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún dókítà: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àgbo tí ẹ ń mu, oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ sọ bí ẹ bá jẹ́ SS tàbí AS, nítorí wọ́n a máa di itan pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dí wọn lọ́wọ́, dókítà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Kí ẹni tí a fẹ́ là má ṣe gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nítorí abẹ. Ilé ìwòsàn ni yóò sọ wákàtí tí yóò dẹ́kun jíjẹ àti mímu. Kí ìjọ bá a gba ààwẹ̀. Kí òun jẹun.

Ẹ̀kẹrin, owó. Ẹ bèèrè iye gbogbo rẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ sì béèrè owó eré ìdárayá ìtọ́jú lọ́tọ̀. Ìdílé mìíràn a ná gbogbo owó sórí abẹ, kò ní ku kọ́bọ̀ fún oṣù tí ó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ ààbọ̀ ni èyí. Ẹni tí ó bá sì farapa lẹ́nu iṣẹ́, yálà ní Ògbà tàbí ní Orẹ́gùn, kí ó rántí òfin ìsanwó fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa, èyí tí a ṣe ní 2010. Ó gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14, àjọ NSITF ni ó sì ń bójú tó owó náà.

LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Nínú iṣẹ́ yìí, dókítà a máa mú iṣan láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀, bóyá lẹ́yìn itan tàbí nísàlẹ̀ ọmọ orúnkún, a sì fi í dípò èyí tí ó já. Ihò kéékèèké ni wọ́n ń gbà wọlé, pẹ̀lú kámẹ́rà tíntín.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, bí ó ti wù kí ó tuni lára tó, kí ẹsẹ̀ má baà ká síbẹ̀. Bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí afárá ẹlẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó sàn ni kí ó kọ́kọ́ gòkè. Bí ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ tí a là ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Bí ibà bá dé, tí ojú abẹ ń ṣọyún, tí àtẹ̀yìn ojúgun wú tí ó ń dunni, tàbí tí èémí kúrú, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá, ìrora á ti lọ, ara á sì yá gágá. Àkókò náà gan-an ni iṣan tuntun náà rọ̀ jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ ni. Ìwádìí kan láti Nọ́wè, tí a tẹ̀ jáde ní 2016, fi hàn pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí a bá fi dúró kí a tó padà sórí pápá, títí di oṣù kẹsàn-án, a máa dín ewu ìfarapa mìíràn kù bí ìdajì. Ẹ wo Michael Essien, ọmọ Gánà tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Chelsea. Iṣan yìí já fún un ní oṣù kẹsàn-án 2008, kò sì padà sórí pápá títí di oṣù kẹta 2009. Ní oṣù keje 2011, irú rẹ̀ tún já, ó di 2012 kí ó tó tún gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹni tí ó ní àwọn dókítà tí ó tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn bá dúró, kí ni àwa ń sáré sí?

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fún un ní àga gíga. Bí kò bá lè dọ̀bálẹ̀ kí yín, tàbí tí arábìnrin kan kò lè kúnlẹ̀, ẹ má pè é ní ìgbéraga.

A la arákùnrin wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejè, ọjọ́ ìdúpẹ́ kó, ìlù ń dún, ó sì dìde láti jó. Ìyá rẹ̀ wo ojú wa. A lọ bá a níbi tí ó dúró sí, a ní, “Ọmọ mi, jókòó.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dádì, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ní kí n fò níjọ́sí?” A ní, “Àwa ni. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ ọ́.” Ó jókòó.

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ó fi lọ ṣe eré ìdárayá ìtọ́jú, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ní oṣù kọkànlá, nígbà ìsọ́ òru, a gbọ́ tí ẹnìkan rọra kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òun ni. Kò sí ẹni tí ó pè é síwájú, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó ṣe é. A bá a kúnlẹ̀, a sì jọ dúpẹ́.

Kí Olúwa mú gbogbo orúnkún tí ó rẹ̀ láàárín wa lókun, kí ó sì fún àwa olùṣọ́ ní sùúrù láti dúró de ìwòsàn títí yóò fi pé. Àmín.