Bí Àyà Bá Ń Já Èèyàn Láìnídìí

Nílé wa ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí mi kan ń ta aṣọ ní Ọjà'ba. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó jókòó jẹ́jẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àfi bí àyà rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì. Òógùn bò ó, òòyì ń kọ́ ọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, kò sì lè mí délẹ̀. Ó ní òun ń kú lọ. Kí Micra tó gbé e dé ọsibítù, ó ti rọlẹ̀. Wọ́n yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ó tún ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò. Àwọn kan ní òde orí ni, àwọn kan ní ayé ló ń bá a jà. Nígbà tó yá, Àǹtí ò lọ sọ́jà mọ́. Oṣù mẹ́rin ni ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì, owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ sì di gbèsè.

Dókítà tó wá mọ̀ ọ́n ní panic disorder ni: jìnnìjìnnì òjijì tó ń pa dà wá, tí ẹ̀rù pé ó tún ń bọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn. Kì í ṣe wèrè o. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, ẹkún ló sun, ó ní kí làwọn ará Bẹyẹrúnkà máa wí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń gbé láàrin àwọn ará abúlé dípò àhámọ́. UCH tiwa náà ní ẹ̀ka rẹ̀.

CBT lorúkọ ìtọ́jú tó gbà. Aaron Beck, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1960. Ní 1986, David Clark ní Oxford ṣàlàyé bí jìnnìjìnnì yìí ṣe ń ga. Àyà á yára díẹ̀, bóyá oòrùn ló fà á. Èèyàn á ní, "Mo ti fẹ́ kú." Ẹ̀rù á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á túbọ̀ yára, ẹ̀rù á tún lé sí i. Téèyàn bá sì ń mí yára jù, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù, ìyẹn ló ń fa òòyì àti ìka tó ń ta. (Ẹ̀yin ọmọ Biology, ẹ ò gbàgbé, àbí?)

Ẹ wo Màpó. Ẹni tó bá sáré gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn yẹn, àyà rẹ̀ á máa lù, òógùn á bò ó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kò ní pariwo ikú, torí ó mọ̀ pé àtẹ̀gùn ló fà á. Bí àyà Àǹtí ṣe ń lù náà nìyẹn; ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀ ló yàtọ̀.

Àmọ́ ká kàn sọ ọ́ lẹ́nu ò tó. Ó pẹ́ tá a ti ń sọ fún Àǹtí pé kó fọkàn balẹ̀, inú ló ń bí i. Ó ní láti fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n ní kó kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Màá dákú." Wọ́n wá ní kó mí yára fún ìṣẹ́jú 1. Òòyì dé, àyà lù, gbogbo rẹ̀ pé. Kò dákú. (Ẹ má dán an wò fúnra yín o, pàápàá ẹni tó ní asthma tàbí àìsàn ọkàn. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ara wò.)

Lẹ́yìn náà ni ọjà. Èmi ni Àǹtí máa ń di lọ́wọ́ mú tó bá ń jáde. Wọ́n ní kí n má tẹ̀ lé e mọ́, torí ó gbà pé ọwọ́ mi ni kò jẹ́ kóun kú. Ó dùn mí, mo rò pé mo ń ṣe é lóore ni. Ó dá dúró ní Bẹẹrẹ lọ́sẹ̀ kan, ó dé ẹnu ọjà lọ́sẹ̀ kejì, títí tó fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tó oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ó dé sí i gan-an níbẹ̀, kò sá, ó tẹjú mọ́ aago. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn mìíràn máa ń lo oògùn pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá ń ṣe ọ́ nínú kíláàsì tàbí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, sọ fún kansẹ́lọ̀ wa.

Àyà Àǹtí ṣì máa ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní tó bá ti dé, òun á máa ká aṣọ òun lọ.