Ṣé O Mọ̀? Okùn Tó Ń Já Lẹ́yìn Itan Ọmọ Tó Ń Sáré

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá dúró ra èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ní Plumstead High Street, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbé ọ dé ibi tí Arsenal ti ń gbá bọ́ọ̀lù rí? Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìrọ ohun ìjà ọba ní Woolwich ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1886. Láti 1890 di 1893, pápá Invicta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà yìí gan-an, ni wọ́n fi ṣe ilé. Ilé gbígbé ló kún ibẹ̀ báyìí, ní Hector Street àti Mineral Street. Onílẹ̀ ló fẹ́ fi owó lé owó, ni wọ́n bá kẹ́rù lọ sí Manor Ground. (Ẹni tó bá ń háyà yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn.)

Ọmọ Yorùbá ló ń sáré lápá ọ̀tún fún ẹgbẹ́ ọ̀hún lónìí, aṣọ rẹ̀ sì ni ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò yìí ń wọ̀ lọ sórí pápá ní Sátidé. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024, níbi tí wọ́n ti ń bá Crystal Palace gbá a, iṣan ẹ̀yìn itan Bukayo Saka já. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi tún un ṣe. Ọjọ́ 101 ló gbà kó tó tún tẹ pápá, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin 2025. Wọ́n gbé e wọlé bá Fulham, kò sì pẹ́ tó fi fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Orúkọ rò ó: Bùkáyọ̀. Àmọ́ nínú eré yẹn kan náà, kí Saka tó wọlé rárá, iṣan ẹ̀yìn itan Gabriel tó ń dábòò bo ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́. Bí ọ̀kan ti ń dé, ìkejì ń lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó wà lókè, tí kò tíì kan ilẹ̀, ni iṣan yìí sábà máa ń já nínú rẹ̀? Iṣan mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n so mọ́ eegun tí a fi ń jókòó, wọ́n gba ẹ̀yìn itan kọjá, wọ́n sì so mọ́ ìsàlẹ̀ orúnkún. Bí ọmọ bá ń sá eré àsápajúdé, tó ju ẹsẹ̀ síwájú, iṣan náà gbọ́dọ̀ máa nà, kó sì máa dá ẹsẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ro ẹni tó di okùn ewúrẹ́ tó ń sá mú: ewúrẹ́ ń lọ, ọwọ́ ń fà á sẹ́yìn, okùn ń nà. Ibi tí ewúrẹ́ bá ti lágbára ju ọwọ́ lọ, okùn á já.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn tó rí bí ẹyin mọ̀ ọ́n dáadáa. Láàárín 1989 sí 1998, iṣan yìí ya nígbà 1,716 láàárín àwọn tó ń gbá a fún owó. Ìdajì rẹ̀ àti díẹ̀ lé ló ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méje ìmúrasílẹ̀, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù àti àwọn tó ń lé wọn ló jìyà rẹ̀ jù. Ara tó ti sinmi ni wọ́n ṣàdédé ní kó fò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ti ọlidé Ìbàdàn dé lóṣù Kẹjọ, tí ìyá àgbà ti fi iyán kẹ́, ẹ gbọ́ o.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá di ìdí mú lórí pápá, tó ní òun gbọ́ tí nǹkan ró “pá”, ó ṣeé ṣe kí iṣan rẹ̀ wà ní pípé. Eegun ló já. Ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun ìjókòó kò tíì gan lára ọmọ tó ń dàgbà. Nígbà mìíràn, ọmọ á lé lẹ́ni ogún ọdún kó tó lẹ̀ mọ́ ìyókù tán. Iṣan àgbàlagbà á ya láàárín. Ti ọmọdé lágbára ju ibi tó so mọ́ lọ, á wá bù nínú eegun lọ. Ojú lásán kò lè dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀, àfi kí wọ́n ya àwòrán eegun.

Kí ni à ń ṣe nílé wa? Robb. Aboniki. Omi gbígbóná tó ń ru èéfín. Ìyá á gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan, á máa wọ́ ọ, ọmọ á máa ké, ìyá á ní, “Fara dà á, ẹ̀jẹ̀ tó dì ni mò ń tú.” Èmi náà ti bá wọn di ẹsẹ̀ ọmọ mú rí kó má baà sá. Bẹ́ẹ̀ iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú ni, ooru àti wíwọ́ lọ́jọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń dá kún un. Yìnyín tí a fi aṣọ wé, báńdéèjì, kí ọmọ gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù: ìyẹn ló kàn. Bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Robb lè dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọ ọdún 19 ni agbábọ́ọ̀lù Michael Owen nígbà tí iṣan ẹ̀yìn itan tirẹ̀ já ní Leeds, lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹrin 1999. Ó gba ife ẹ̀yẹ Ballon d'Or lọ́dún 2001, síbẹ̀ ó ti sọ pé láti ọjọ́ yẹn, iṣan méjì lòun fi ń sáré lẹ́sẹ̀ kan, mẹ́ta lẹ́sẹ̀ kejì.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Arsenal wà ní Plumstead, kò sẹ́ni tó lè wọlé rọ́pò ẹni tí iṣan rẹ̀ já? Wọ́n á tì í sí ẹ̀gbẹ́ pápá kó máa tiro níbẹ̀ títí eré á fi parí. Ọdún 1965 ni líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìrọ́pò láàyè. Ẹni àkọ́kọ́ tó sì wọlé bẹ́ẹ̀, Keith Peacock, aládùúgbò wa ni: Charlton ló ń gbá a fún, ní Bolton, lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹjọ. Gólì wọn ló farapa.

Ní àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá Yúróòpù, nínú ìpalára 100 ní sáà 2001/02, 12 ni ti iṣan yìí. Ní sáà 2021/22, ó ti di 24. Eré ti yá sí i, ìsinmi ti dín kù. Bẹ́ẹ̀ ìdárayá kan wà tó ń dín in kù tó bí ìdajì, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹnìkan di kókósẹ̀ rẹ méjèèjì mú, kí o wá máa lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ìyàwó, láìtẹ ìdí, láìjẹ́ kí ara já sílẹ̀. Ọwọ́ ló ń gbà ọ́ nísàlẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní pálọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó mi di kókósẹ̀ mi mú. Mi ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí àyà mi fi gbalẹ̀, ó sì ní òun kò tíì rí ìdọ̀bálẹ̀ tó yá tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìdána wa.