"Kọ́kọ́ Pa Antivirus Ná": Bí A Ṣe Ń Fi Sọ́fítíwíà Àtijọ́ Sórí Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ìlaró ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni, ẹ bá mi fara dà á.

Ọ̀rọ̀ tòní, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan tí kò jìnnà sí ẹnu géètì Federal Polytechnic níbí. Ẹni tó bá ti kàwé níbẹ̀ mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: fọ́tòkọ́pì, project tí wọ́n fẹ́ dì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Sọ́fítíwíà tó fi ń ṣe gbogbo wọn, ẹ̀dà ọdún 2006 ni. Ó rà á ni o, kò jí i. Díìsìkì rẹ̀ wà nínú páálí, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn páálí náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn débi pé kì í wo kíbọ́ọ̀dù mọ́, kò sì fẹ́ gbọ́ nípa àwọn tuntun tí wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù.

Lọ́dún 2021 ó ra laptop tòkunbọ̀ kan tó mọ́ dáadáa, Windows 10 ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ibi tí wọ́n ti ń ki díìsìkì bọ̀. Ó pè mí: "Ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà, wá bá mi fi nǹkan mi sí i."

Ohun tó yẹ kí n ṣe rọrùn. Kí n yá DVD drive tí wọ́n ń fi okùn USB sọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n ki díìsìkì Àǹtí sí i, ó parí. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ orúkọ sọ́fítíwíà náà, mo fi "crack" kún un, mo dáúnlóòdù ohun tó kọ́kọ́ yọjú. Zip ni, wọ́n fi password tì í, wọ́n sì kọ password náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀: kọ́kọ́ pa antivirus ná, irọ́ ló máa pa mọ́ ọn. Mo pa á.

Sọ́fítíwíà náà ṣí. Àǹtí ṣàdúrà fún mi, ó fún mi lówó mọ́tò. Fèrèsé kan ti jáde lójú kọ̀ǹpútà tó ní Windows ń ṣe update, mo ní kó jẹ́ kó parí. Mi ò tíì délé tó fi pè mí pé kò sí fáìlì kankan tó ṣí mọ́. Mo padà. Gbogbo fáìlì ti hu ìrù, lẹ́tà mẹ́rin kan lẹ́yìn orúkọ wọn. Nínú fódà kọ̀ọ̀kan, ìwé kan wà tó ń jẹ́ _readme.txt: kí a san dọ́là 980, tí a bá tètè kàn sí wọn láàárín wákàtí 72, kí a san 490.

Àǹtí kò pariwo mọ́ mi. Ohun tó béèrè ni pé, "Ti àwọn tó ń sin bàbá wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ ńkọ́?" Ti wọn náà wà nínú rẹ̀. A jókòó mọ́jú, a tún ìwé ètò náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a gba àwòrán bàbá lọ́wọ́ ẹbí lórí WhatsApp. Iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ tó kù, ó lọ bẹ́ẹ̀. A kò san owó wọn. Kì í ṣe pé a gbọ́n. Kò sí owó náà ni.

Orúkọ nǹkan tó mú wa ni STOP, wọ́n tún ń pè é ní Djvu. Kì í sábà wá báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn bíi tiwa ló ń wá, àwọn tó ń wá crack. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Emsisoft gbé irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ jáde tó lè bá 148 nínú oríṣi rẹ̀ jà. Nígbà tí mo rí i, mo ti fẹ́ pe Àǹtí. Àṣé láti nǹkan bí oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni àwọn olè náà ti yí bí wọ́n ṣe ń ti fáìlì padà. Ti tuntun ló mú wa, ọwọ́ wọn sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ẹ ó wá rí i pé kì í ṣe ọjọ́ orí sọ́fítíwíà náà ló ṣe wá ní jàǹbá. Ọdún 2006 kan náà ló wà nínú páálí Àǹtí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára rí. Ọwọ́ tó gbà kọjá ni wàhálà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gba APK lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí Telegram, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.)

Níbí tí a wà, Ìdìrókò kò jìnnà sí wa. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra mọ́tò tòkunbọ̀, ìwé mọ́tò ló ń kọ́kọ́ béèrè. Fáìlì náà lè ní ìwé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, ẹ wọ Properties, ẹ wá Digital Signatures. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ gan-an lè má ní in, ìyẹn kò sọ wọ́n di olè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá orúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀, ẹ pa fáìlì náà rẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e lọ sí VirusTotal, ibi tí antivirus bí àádọ́rin yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹyọ kan bá pariwo, ó lè ṣì í mú. Bí ogún bá pariwo, kí lẹ tún ń wò? Ẹ rántí pé antivirus kò lè rí inú zip tí wọ́n fi password tì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tì í.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus, ẹ má bá a jiyàn rárá. Ẹ kúrò níbẹ̀.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ da iṣẹ́ yín kọ sínú hard disk ìta, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Mo tẹnu mọ́ yíyọ yẹn. Fíláàṣì tí Àǹtí ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí wà lára laptop lọ́jọ́ náà, wọ́n tì í mọ́ ọn. Restore point Windows dára bí sọ́fítíwíà bá da nǹkan rú, ṣùgbọ́n irú olè yìí máa ń pa àwọn ẹ̀dà tí Windows fi pamọ́ rẹ́. Ẹ má sì máa fi account alákòóso ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ ṣí èyí tí kò ní àṣẹ púpọ̀, kí ohunkóhun tó bá fẹ́ wọlé máa béèrè password yín.

Bí fáìlì bá mọ́ ṣùgbọ́n tí kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Nínú Properties yẹn náà, Compatibility wà, ẹ lè ní kó ṣe bí ẹni pé Windows XP tàbí Windows 7 ló wà. Bí ó bá béèrè .NET Framework 3.5, ẹ má wá a kiri. "Turn Windows features on or off" ni kí ẹ tẹ̀, ibẹ̀ ló wà. Àwọn kan kò ní ṣiṣẹ́ láéláé: Windows 11 jẹ́ 64-bit, kò sì gba sọ́fítíwíà 16-bit ti ayé DOS àti Windows 3.1. Nígbà míì sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro, ohun tó ń gbé e wọlé ló jẹ́ 16-bit.

Irú ìwọ̀nyẹn, VirtualBox ni mo máa ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ó dà bí kí ènìyàn kọ́ yàrá àlejò sẹ́yìn ilé: kọ̀ǹpútà kan nínú kọ̀ǹpútà. Mo máa ń já íntánẹ́ẹ̀tì kúrò nínú rẹ̀, torí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows XP dúró láti oṣù kẹrin ọdún 2014. Bí RAM yín bá kéré sí 8GB, yóò máa falẹ̀. Ẹni tó ní Windows Pro tún ní Windows Sandbox, ẹ̀yin tí ẹ ń lo Home kò ní in.

Mo ní ọjọ́ orí kọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kó má ka nǹkan kan. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Check Point sọ pé àwọn rí ihò kan nínú WinRAR tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 19. WinRAR tó wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo wa! Torí náà, èyí tó bá ń ṣí fáìlì àlejò tàbí tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tuntun ni kí ẹ lò. Èyí tó ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bíi ti Àǹtí, ó ṣì lè pẹ́.

A nu laptop náà mọ́, a tún Windows tò. Orí fóònù la ti yí gbogbo password rẹ̀ padà, torí irú nǹkan yìí máa ń kó password lọ pẹ̀lú. Mo wá yá DVD drive. Díìsìkì inú páálí wọlé, kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Àwọn fáìlì tí wọ́n tì yẹn ṣì wà nínú hard disk kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Mo ní kó má dà wọ́n nù, torí kọ́kọ́rọ́ máa ń jáde nígbà míì lẹ́yìn ọdún. No More Ransom, tí Europol àti ọlọ́pàá Netherlands wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2016, ni mo ti ń wò ó, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Mo wò ó láàárọ̀ yìí kí n tó tan máìkì. Kò tíì sí.