Ṣé o mọ̀? Ìyanu ojú ọ̀nà Lẹ́kkí àti Ajáh fún ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta péré

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣa àwọn ìyanu yìí jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tò wọ́n bí wàá ṣe máa bá wọn pàdé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, kí ìwọ tí o fẹ́ lọ najú níbẹ̀ lè mọ ibi tí wàá yà sí àti ibi tí wàá kàn wò kọjá. Ó yá, múra, ká máa lọ!

Kí o tó gbéra

• Ṣé o mọ̀ pé Lẹ́kkí tí gbogbo èèyàn ń pariwo kọ́ ni ìlú Lẹ́kkí gan-an? Ìlú náà fi ohun tó lé ní 50 kìlómítà jìnnà sí Lẹ́kkí Phase 1, lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn ti ń là. Fọkàn balẹ̀, a máa débẹ̀.

• Omi níwájú, omi lẹ́yìn! Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù, ọ̀sà Èkó wà ní àríwá, ọ̀sà Lẹ́kkí wà ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ tó wà láàárín wọn gùn tó 70 sí 80 kìlómítà, ìbú rẹ̀ kò sì ju bíi 10 lọ.

• Ọ̀sà méjì tí wọ́n so mọ́ra, síbẹ̀ adùn omi wọn ò dọ́gba! Iyọ̀ òkun máa ń dé inú ọ̀sà Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀sà Lẹ́kkí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ rárá.

• Ọ̀nà rẹ rọrùn: ọ̀nà ńlá kan ni wàá máa tọ̀, Lekki-Epe Expressway, 49.5 kìlómítà, tí ìjọba Lateef Jakande kọ́kọ́ là.

• Má fi ọjọ́ rẹ sùn o! Ọjọ́ tó gùn jù lọ láàárín ọdún ní Lẹ́kkí kò ju nǹkan bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ.

• Ṣé o fẹ́ rìn láìgbé agbòòrùn? Àárín oṣù Bélú sí Ẹrẹ́nà ni kí o wá, torí òjò oṣù Okúdù l'Ékòó kì í bẹ ẹnikẹ́ni.

• O ń retí ọ̀kadà? Wàá pẹ́ níbẹ̀! Láti oṣù Okúdù 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà. Danfo àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni kí o máa wò lójú.

• Káàdì kan, ọkọ̀ mẹ́ta! Káàdì Cowry tí o fi wọ bọ́ọ̀sì BRT náà ni wàá fi wọ rélùwéè Blue Line, òun náà ni wàá sì mú dání fún ọkọ̀ ojú omi ìjọba.

• Ìran ti bẹ̀rẹ̀ kí o tó dé Lẹ́kkí rárá. Bí o bá ti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà bọ̀, wàá gba orí Third Mainland Bridge, 11.8 kìlómítà lórí omi: láti 1990 ni kò ti sí afárá tó gùn tó o ní Áfíríkà, títí Cairo fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1996.

Ọjọ́ kìíní: afárá, aró àti yanrìn

• Okùn irin ló gbé e dúró! Afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí, 1.36 kìlómítà, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọjọ́ 29 oṣù Ẹ̀bìbí 2013 ni wọ́n sì ṣí i.

• Ta ní ń lọ sórí afárá nítorí àtirìn? Jí kùtù, wàá bá àwọn tó ń sáré ìdárayá níbẹ̀, oòrùn á sì yọ lójú ọ̀sà níṣojú rẹ láìgba kọ́bọ̀.

• Dúró díẹ̀, kí o mọ ilẹ̀ tí o tẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 1990, ìjọba wó Máròkó, níbi tí nǹkan bí 300,000 èèyàn ń gbé, orí ilẹ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ ilé aláràbarà tí ò ń wò yìí ti hù.

• Àwọn ará Máròkó kò pòórá o! Ọ̀pọ̀ wọn ṣí lọ sí Ìlásàn àti Ìkọtà, ní ojú ọ̀nà kan náà. Bi awakọ̀ rẹ léèrè, ó lè jẹ́ ọmọ wọn, wàá sì gbọ́ ìtàn.

• Níbo ni Shoprite ti kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní Nàìjíríà? Má lọ jìnnà: The Palms ni, ní ẹnu ọ̀nà Lẹ́kkí níbí, ní oṣù Ọ̀pẹ 2005.

• Ilé òkè márùn-ún, iṣẹ́ ọnà bí 8,000, lábẹ́ òrùlé kan! Nike Art Gallery nìyẹn, ní àdúgbò Ìkàtẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

• Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹni tó ni ilé náà, Olóyè Nike Davies-Okundaye, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìyá ìyá-ńlá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ló fi aṣọ híhun àti aró rírẹ hàn án, ìyẹn ló sì gbé e kárí ayé.

• Ṣé o rò pé Lẹ́kkí nìkan ló ti ṣe é? Òṣogbo ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ó tún kọ́ òmíràn sí Ogidi ìlú rẹ̀ àti sí Àbújá.

• Bí orí bá bá ọ ṣe é, wàá bá òun fúnra rẹ̀ nínú ilé náà, nínú ìró àti gèlè àdìrẹ. Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ kí o tó béèrè fọ́tò!

• Ère igi, ìlẹ̀kẹ̀, báàgì awọ, ìlù: ọjà iṣẹ́ ọnà Jakande ń pè ọ́. Má san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè o, ná an pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹni tó ń tà náà ń retí rẹ̀.

• Oníru àti Ẹlẹ́gúshì tí o ń gbọ́ kì í ṣe orúkọ etíkun lásán! Oyè Ìdẹ̀jọ ni, àwọn onílẹ̀ tó ń dé fìlà funfun l'Ékòó, Olúmẹgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ ò ṣàjèjì l'Ájáh sì ni olórí wọn.

• Òkun tó lẹ́wà yìí máa ń wọ́ èèyàn lọ! Ìṣàn abẹ́ rẹ̀ lágbára, nítorí náà fi ẹsẹ̀ tẹ omi kí o gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n má lúwẹ̀ẹ́ níbi tí kò bá sí adóòlà ẹ̀mí.

• Ẹja tútù, ẹyín iná, ata, àlùbọ́sà: kí lo tún ń wá? Jókòó sórí yanrìn nírọ̀lẹ́, ní kí wọ́n yan odindi kan fún ọ, kí o sì bèèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé iná.

Ọjọ́ kejì: orí igi, ẹnu omi

• Igbó 78 hẹ́kítà, láàárín ilé àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ! Láti 1990 ni Lekki Conservation Centre ti wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìwọlé rí.

• Ta ni ọ̀rẹ́ igbó yìí? Ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì! Chevron tí wọ́n jọ dojú kọ ara wọn lójú títì wà lára àwọn tó náwó sí ìtọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

• 401 mítà lórí afárá okùn, láàárín ewé! Ó wà lára àwọn afárá orí igi tó gùn jù lọ ní Áfíríkà, ó ta ti Kakum ní Ghana yọ, ilé ìṣọ́ mẹ́fà ló sì so ó ró.

• Ẹsẹ̀ rẹ á gbọ̀n díẹ̀, má tijú! Ibi tó ga jù lórí afárá náà lé ní mítà 20 sókè, kò sì sí ibi tí wàá ti padà sẹ́yìn: wàá rìn ín dópin ni.

• Pa ẹ̀pà rẹ mọ́! Ọ̀bọ inú igbó yìí yára ju ọwọ́ rẹ lọ, ojú rẹ ni wọ́n á sì ti gbé e jẹ.

• Ọ̀nì nínú odò, ìgalà àti ẹtu nínú igbó, òkété nínú ihò, ọ̀kín tó ń na ìrù láàárín ọgbà: mélòó nínú wọn ni ọmọ rẹ ti rí láàyè? Mú un dání wá.

• Ayò ludo tó tóbi débi pé inú rẹ̀ lo ti máa dúró ta á! Ó wà nínú ọgbà náà, pẹ̀lú chess tí ọmọ kékeré ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbé.

• Oníṣòwò ló gba igbó là! Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, àjọ tó ń tọ́jú ibẹ̀ títí dòní.

• Ṣé o mọ ẹni tí wọ́n fi sọ oríta Abraham Adesanya l'Ájáh? Agbẹjọ́rò àti olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re ni, tí àwọn apani da ìbọn bo mọ́tò rẹ̀ ní 1997, tí ọta kankan kò bà á.

• Afárá tó fo oríta Ajáh kọjá ní ọjọ́ orí tirẹ̀: Jubilee Bridge ni, 2017 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe ọdún 50. Kó tó dìgbà náà, abẹ́ ibẹ̀ lè jẹ ààbọ̀ ọjọ́ rẹ.

• Ajáh kan náà, omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Yà sí gúúsù, Òkun-Ajáh, ìgbì á máa bú. Yà sí àríwá, Badore, ọ̀sà á sùn lọ gbári.

• Láti Badore, ọkọ̀ ojú omi lè gbé ọ sọdá sí Ìjẹ̀dẹ̀ ní apá Ìkòròdú kí o tó parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí o bá gba orí ilẹ̀, odindi Èkó lo máa yí ká! Ṣùgbọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, bí o bá tilẹ̀ mọ omi wẹ̀.

Ọjọ́ kẹta: kọjá Ajáh, níbi tí ìyanu ti pọ̀ jù

• Igbó kejì tún ń bọ̀! Lufasi Nature Park, 20 hẹ́kítà, ń gba ẹranko tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọdẹ àti ọlọ́jà sílé, títí kan akika onípẹ́ tó ń ká ara rẹ̀ róbótó bí ẹ̀rù bá bà á.

• Èèyàn tí kì í mí, tí kì í ṣẹ́jú, síbẹ̀ tí o máa fẹ́ kí! Ère oníìda àwọn gbajúmọ̀ ni, wọ́n wà ní Omu Resort ní Bogije, ibi tí kìnnìún alààyè náà wà.

• Iṣẹ́ ọnà 1,000 ni ọkùnrin kan fi tọrẹ! Ọmọọba Yemisi Shyllon ni, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀ nínú ọgbà Pan-Atlantic University láti 2019.

• Ní 1984, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbọ́ nípa Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, Wanle Akinboboye ti dá La Campagne Tropicana sílẹ̀ ní abúlé Ìkẹ́gùn. Òkun, adágún omi tí kò níyọ̀, igbó àti pápá, gbogbo rẹ̀ wà nínú ọgbà kan!

• Ahun kan, ẹyin bí ọgọ́rùn-ún! Ahun òkun máa ń gòkè wá yé sórí yanrìn etíkun yìí lóru, nítorí náà kó ọ̀rá píọ́ wọ́tà rẹ dání padà sílé.

• Ní oríta Ẹlẹ́kọ́, fi ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ kí o yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Wàá rí ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n ṣí ní 2023, tó lè fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Kò sí ilé ìfọpo tó ń lo ẹ̀rọ ìfọpo kan ṣoṣo tó tóbi tó o lágbàáyé.

• Wọ́n ní Victoria Island méje ló lè wọ inú ilẹ̀ ilé ìfọpo náà! 2,635 hẹ́kítà ni, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́, ojú ọ̀nà ni wàá ti wò ó.

• Nítòsí rẹ̀ ni èbúté tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5! Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 ni wọ́n ṣí Èbúté Lẹ́kkí, kí ọkọ̀ ńláńlá tí Apapa kò lè gbà lè rí ibi gúnlẹ̀.

• O rò pé èbúté Lẹ́kkí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, ó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́; ní 1854, àwọn kan náà tún tọwọ́ bọ ìwé pé Palma àti Lẹ́kkí di èbúté tirẹ̀.

• Ìlú Lẹ́kkí gan-an rèé, a ti dé! Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ ní 1962, béèrè ilé náà lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀.

• Bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú, sáré dé Ẹ̀pẹ́, wàá rí ọjà Olúwo, níbi tí ẹja ọ̀sà ń fò nínú abọ́. Bí o bá sì wá lẹ́yìn Iléyá, o lè bá ọdún Kàyó-kàyó, tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí ọjọ́ tí Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn.

• Ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná pẹ̀lú ẹja, ní ìlú tí wọ́n ti ń sè é láti ọjọ́ pípẹ́: má kúrò l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ láìtọ́ ọ wò!

Ìmọ̀ràn mi

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lo ní, igbó láàárọ̀, ilé Nike lọ́sàn-án, ẹja yíyan nírọ̀lẹ́. Bí o bá ní ọjọ́ mẹ́ta, má fi ọjọ́ kẹta jókòó sí Phase 1: kọjá Ajáh, mú ọmọ kan àti àgbà kan dání, kí ọmọ máa béèrè, kí àgbà máa ròyìn. Kò sí ibòmíràn l'Ékòó tí ojú ọ̀nà kan ti kó igbó, ọba, ọnà àti òkun jọ báyìí.