Fífọ̀ àti Híha: Ọ̀rọ̀ lórí Kànrìnkàn Funfun Òde-Òní àti Ewé Ìpín

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lè dà bí ohun yẹpẹrẹ lójú àwọn kan nínú yín. Wọ́n lè bèèrè pé kí ni ó pa ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kànrìnkàn. Ìdáhùn mi ni pé mo fi ọwọ́ ara mi ba igbá kan jẹ́, igbá tí kì í ṣe tèmi nìkan, àti pé ohun tí ó fà á ni pé mo ṣi ọ̀rọ̀-ìṣe kan lò. Mo rò pé mo ń fọ igbá náà ni. Ń kò mọ̀ pé híha ni mo ń ha á.

Ilé àbúrò mi ọkùnrin ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní Victoria Garden City tí gbogbo ènìyàn ń pè ní VGC, lójú ọ̀nà tí ó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí a tó dé Ajah. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní yàrá kan tí ó fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Ó ń sin ìlẹ̀kẹ̀, ó ń ya àwòrán, ó sì ń fi òǹtẹ̀ rọ́bà tẹ ọnà sára káàdì tí a fi ń pe ènìyàn sí ìnáwó. Gọ́ọ̀mù gbígbẹ, yíǹkì àti ọ̀dà kún orí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè bí ó ṣe ń mú gbogbo rẹ̀ kúrò, ó mú kànrìnkàn funfun kan jáde. Ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì fúyẹ́ bí òwú. Ó ní ọjà Ìkọ̀tá tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ ni òun ti rà á. Ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó fún un, ó fi nu pátákó oníke tí ó máa ń gé bébà lé lórí. Yíǹkì tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ pòórá. Kò fi ọṣẹ kàn án rárá.

"Bàbá, ẹ gbà, ẹ dán an wò," ni ó wí.

Èmi náà gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí pátákó náà ni mo ti dán an wò. Igbá ọlọ́mọrí kan wà lórí àpótí níbẹ̀, èyí tí ìyá wa rà ní Ọ̀yọ́ kí ó tó di olóògbé. Káfíńtà kan ti fi fáníìṣì kùn ún nígbà tí ó dé Èkó, ó sì ń dán gbinrin. Mo rí ẹ̀kán gọ́ọ̀mù kan lára ọmọrí rẹ̀, mo sì fi kànrìnkàn náà gbo ó. Ọmọ náà kígbe pé, "Bàbá, ẹ má fi kan igbá o!" Ó ti bọ́. Gọ́ọ̀mù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídán tí ó yí i ká bá a lọ. Ojú ibẹ̀ wá pa bí ojú dígí tí a mí sí lára.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èdè wa ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. A máa ń fọ aṣọ, a máa ń nu tábìlì, a máa ń ṣan ife, a sì máa ń ha ìdí ìkòkò tí oúnjẹ jóná mọ́. Kò sí ẹni tí yóò ní òun ha ẹ̀wù òun àfi tí ó bá fẹ́ fà á ya. Nínú fífọ̀, ìdọ̀tí ni ó ń lọ. Ohun tí a fọ̀ wà bí ó ti wà. Nínú híha, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, díẹ̀ lára ohun tí a ń ha a máa bá ìdọ̀tí lọ. Ohun tí ó ṣì mí lọ́nà ni pé a ń pe nǹkan funfun náà ní kànrìnkàn, kànrìnkàn sì jẹ́ ohun ìfọǹkan àti ohun ìwẹ̀ láti ayébáyé: ìtàkùn tí a lù títí ó fi di fọ́nrán, tí a ń fi ọṣẹ sí kí ó hó. Ọṣẹ ni ó ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú èèpo kòkó àti àdín sè a máa di ọ̀rá mú ní ọwọ́ kan, a sì di omi mú ní ọwọ́ kejì, títí omi yóò fi gbé ọ̀rá náà lọ. Iṣẹ́ kànrìnkàn kò ju kí ó pín ọṣẹ náà kiri ara lọ.

Nǹkan funfun yìí kò bá a tan. Mẹ́lámínì ni a fi ṣe é. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́místrì ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣe mẹ́lámínì ní ọdún 1834. Bí a bá pa á pọ̀ mọ́ formaldehyde tí a sì fi iná sí i, yóò di ohun líle tí kò tún lè yọ́ mọ́ láéláé. Gbogbo wa ni a mọ ohun líle náà: òun ni a fi ń ṣe àwọn abọ́ tí ó jọ tánganran ṣùgbọ́n tí kì í tètè fọ́, òun ni ó sì wà lójú fọ́máíkà tí a ń lẹ̀ mọ́ tábìlì. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ohun líle yìí di fóòmù, tí wọ́n pè ní Basotect. Kì í ṣe nítorí ìmọ́tótó rárá. Ohun tí wọ́n ń wá ni ohun tí yóò gbé ariwo mì nínú ilé àti nínú ọkọ̀, tí kò sì ní tètè gbiná. Àwọn ará Japan ni ó sọ ọ́ di ohun ìnuǹkan ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí ó sì di ọdún 2003 ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ń tà á ní Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ Magic Eraser. Mo fẹ́ràn ìdajì orúkọ náà. Kò sí idán níbẹ̀, ṣùgbọ́n írésà ni lóòótọ́. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ̀ pé írésà kì í fọ bébà. Ó ń ha á ni, òun fúnra rẹ̀ a sì máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wò ó, àwọ̀n ni fóòmù náà jẹ́. Fọ́nrán rẹ̀ so mọ́ ara wọn kiri, wọ́n tín-ín-rín ju irun orí lọ jìnnà, afẹ́fẹ́ sì kún gbogbo àárín wọn. Bí a bá kó o kún àpótí tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 9 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún ìpín rẹ̀, ohun tí ó ju 99 lọ jẹ́ afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi rọ̀ lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́nrán kọ̀ọ̀kan le bí abọ́ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, ó sì kéré tó láti wọ inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí aṣọ ìnuǹkan kò lè dé. Ibẹ̀ ni ó ti ń ha yíǹkì jáde.

Nígbà náà ni mo rántí ewé ìpín. Ìpín tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí orí ń yàn lọ́run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn awo lè ní ohun tí wọn yóò fà yọ nínú orúkọ náà. Igi ni, ìbátan ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Ficus exasperata, èdè Látìn tí ó ń tọ́ka sí ojú ewé rẹ̀ tí ó rí ṣágiṣàgi. Àwọn agbẹ́gilére wa a máa ka ìpele mẹ́rin nínú iṣẹ́ wọn: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, àti fínfín. Ní ìpele dídán ni ewé ìpín ti ń wọlé, láti mú ojú àpá ọ̀bẹ kúrò lára igi. Àwọn onígbá ń lò ó bákan náà, àwọn ìyá wa sì ń fi í fọ, ẹ jọ̀ọ́, kí n má tún ṣi ọ̀rọ̀ lò, wọ́n ń fi í ha igbá, àwo igi àti ìkòkò.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó jinlẹ̀ láàárín ìpín àti fóòmù funfun ni pé ìpín kì í purọ́ fún ọwọ́. Bí o bá ti fọwọ́ kàn án, ìka rẹ ti sọ fún ọ pé ohun ìhaǹkan ni. Ń kò gbọ́ ọ rí pé ìyá kan fi ìpín wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n fóòmù yìí rọ̀ bí ìrọ̀rí, ó funfun, omi nìkan ni ó sì ń bèèrè. A ti rí àwọn òbí tí wọ́n fi nu ojú ọmọ tí ó fi yíǹkì ya ara, tí awọ ọmọ náà sì bó bí ẹni tí iná rà. Kò sí oró kankan nínú fóòmù náà tí ó ṣe èyí. Híha náà ni.

Bí a bá ti mọ ìdílé tí ó ti wá, kò ṣòro mọ́ láti mọ ibi tí ó yẹ kí a lò ó. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi nísinsìnyí ni pé: ṣé mo lè fi ìpín kan ohun yìí? Pátákó oníke tí a ń gé bébà lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni. Dígí tí ọ̀dà gbẹ mọ́ tí a ń po ọ̀dà lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni. Etí àlùmọ́gàjí tí gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú sùúrù. Òǹtẹ̀ rọ́bà, ó ṣeé ṣe bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé bí ọnà orí rẹ̀ bá jẹ tán, òǹtẹ̀ náà ti kú. Ìdí bàtà funfun àti ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ kì í dán gbà á. Ṣùgbọ́n ojú awò, ojú tẹlifíṣọ̀n, ara mọ́tò, ìkòkò tí a kùn kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ìlẹ̀kẹ̀ tí a rẹ omi wúrà sí lára, àti gbogbo ohun tí fáníìṣì wà lára rẹ̀, rárá o. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan tí ojú kò tó. Ẹ má sì fi jíìkì tàbí oògùn ìfọlé mìíràn kún un. Omi ti tó.

Ní VGC àti ní gbogbo agbègbè Lẹ́kí títí dé Ajah, àbàwọ́n kan wà tí àwọn ènìyàn ń fi fóòmù yìí bá jà lásán. Omi kànga ẹlẹ́rọ ibẹ̀ ní irin nínú. Bí ó bá jáde tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, irin náà a dípẹtà, a sì kun ojú agbada ìfọwọ́ àti ilẹ̀ balùwẹ̀ ní àwọ̀ bí ti tíì. Fóòmù ń ha á lọ lónìí. Ó ń padà wá lọ́la. Bí a bá ń fi ìgbà gbogbo ha á, ojú dídán agbada náà lè pa, ìpẹtà a sì túbọ̀ rí ibi wọ̀ sí. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ sàn ju híha lọ níbẹ̀, nítorí pé kíkan rẹ̀ ń yọ́ ìpẹtà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fi òkúta mábù ṣe ilé má ṣe é, nítorí pé kíkan yẹn kan náà ń jẹ mábù.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé májèlé ni. Wọ́n gbọ́ orúkọ formaldehyde, wọ́n sì rántí oògùn tí a fi ń tọ́jú òkú. Wọ́n gbọ́ mẹ́lámínì, wọ́n sì rántí wàrà ọmọdé ní orílẹ̀-èdè China ní ọdún 2008, nígbà tí àwọn oníjìbìtì bu ìyẹ̀fun mẹ́lámínì sí wàrà tí a ti fi omi là kí àyẹ̀wò lè sọ pé oúnjẹ aṣaralóore kún inú rẹ̀. Nǹkan bí 300,000 ọmọ ni ó ṣe, 6 sì kú. Ẹ̀rù náà yé mi, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun yẹn àti fóòmù yìí kì í ṣe ohun kan náà. Méjèèjì tí ó wà nínú fóòmù ti di ara wọn mú, wọ́n sì ti di ohun mìíràn. Ó kàn yẹ kí a ṣan abọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀ ni, nítorí ẹ̀rún.

Ẹ̀rún yìí ni ó ń kó ìdààmú bá mi ju ohun gbogbo lọ. Fóòmù náà ń jẹ tán bí a ti ń lò ó. Níbo ni ó ń lọ? Ní ọdún 2024, àwọn olùṣèwádìí tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde pé gíráàmù kan péré tí ó bá jẹ kúrò lára rẹ̀ lè di fọ́nrán ike tí ojú kò lè rí, tí iye rẹ̀ tó 6,500,000. Wọ́n tún rí i pé èyí tí ó bá ki jù a máa pẹ́ kí ó tó jẹ. Ní VGC, ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ọ̀sà sì wà nítòsí. Omi tí ọmọ àbúrò mi fi ń ṣan pátákó rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò gbà lọ nígbẹ̀yìn ju inú omi tí àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n sí. Ewé ìpín tí a ti lò tán a máa jẹrà sínú ilẹ̀. Ń kò ní kí ọmọ náà ju fóòmù rẹ̀ nù. Ó ti ń gé e sí wẹ́wẹ́ báyìí, ó ń lo èyí tí kò ju ìka lọ fún ibi tí aṣọ àti ọṣẹ kò bá ti ràn, ó sì ń fi bébà nu ẹ̀rún rẹ̀ sínú pàǹtí kí ó tó fi omi kan pátákó.

Ní ti igbá, mo gbé e lọ sílé. Mo kọ́kọ́ fi sáńpépà tí ó kúnná jù lọ mú fáníìṣì káfíńtà náà kúrò lára gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni mo ra ewé ìpín gbígbẹ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan, tí ó bi mí pé kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ fi ìpín ṣe. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò dán bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, àwọn ìlà tí ọ̀bẹ onígbá fín sára rẹ̀ tí fáníìṣì ti bò sì ti hàn. Ó ti padà sórí àpótí rẹ̀ ní VGC. Ọmọ àbúrò mi fi aṣọ bò ó nígbà tí mo tún lọ kí wọn.