Àmì Ohùn Lórí Jẹ́sì: Bí A Ṣe Ṣe Aṣọ Ìrántí fún Ìrìn Kẹ̀kẹ́ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Bí ènìyàn mẹ́rìnlélógún bá fẹ́ jọ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, nǹkan bí 50 kìlómítà, àǹkóò ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ wa ní kí n bójú tó jẹ́sì àti bájì ìrántí, wọ́n ní ṣebí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí aṣọ kí a tó jáde.

Àwọ̀ àti àwòrán

Àwọ̀ nìkan lè sọ ìtàn. Láti 1919 ni ẹni tó ń léwájú nínú Tour de France ti ń wọ àwọ̀ ìyeyè. Ìwé ìròyìn L'Auto ló dá ìdíje náà sílẹ̀, bébà aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Pínkì ni ti Giro d'Italia láti 1931, àwọ̀ bébà La Gazzetta dello Sport.

Nílé wa níbí, àdìrẹ Olóba ṣe ìrántí ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún lò lórí ìtẹ́, ní 1935. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó sì wà nínú àdìrẹ Ìbàdàndùn. Ibẹ̀ la ti mú tiwa: àwọ̀ aró, pẹ̀lú òpó Mápó yí etí ìsàlẹ̀ jẹ́sì ká.

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń tẹ̀ síwájú, nítorí náà àárín èjìká méjèèjì ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù gbọ́dọ̀ wà. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni àpò mẹ́ta wà. Ìgò omi àti fóònù tó bá wọ inú wọn á yí ìrísí ọ̀rọ̀ padà.

Ṣé dandan ni àmì?

Akápò wa ní ká yọ àmì ohùn kúrò kí jẹ́sì lè mọ́ lójú. Ó ní kò sí ẹni tí kò ní lè kà á. Mo ní kó wo ọ̀rọ̀ kan péré: gun. Ohùn àárín ló ní: a gun kẹ̀kẹ́. Bí ohùn bá lọ sókè, a gún iyán. Bó bá lọ sílẹ̀, ọ̀nà gùn. Ohùn àárín kì í sábà gba àmì. Òfo orí rẹ̀ gan-an ni àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfo yẹn kò nítumọ̀ àfi bí àwọn ohùn yòókù bá gba àmì tiwọn. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá ohùn àárín lòun ń rí tàbí ìmẹ́lẹ́. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lè di kẹ́kẹ́, ilà ojú.

Gbólóhùn ṣì lè gba ara rẹ̀ là, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Orúkọ kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. A fẹ́ tẹ orúkọ kálukú sí apá jẹ́sì rẹ̀, ọ̀kan nínú wa sì ń jẹ́ Ayọ̀. Bí a bá yọ àmì orí àti ti abẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n la kọ sí i lápá? Ìyẹn ló yí akápò lérò padà.

Ọ̀rọ̀ jẹ́sì, ọ̀rọ̀ bájì

A máa ń tẹ jẹ́sì kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a kọ "Mo dé Ọ̀yọ́" sí i. Mo ta kò ó. Bí kẹ̀kẹ́ ẹnìkan bá bàjẹ́ ní Fìdítì, tó sì wọ ọkọ̀ parí ìrìn, aṣọ rẹ̀ á máa purọ́ fún un títí tó fi máa gbó. Èdè wa ti fún wa ní irinṣẹ́: "ń" fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́, "ti" fún ohun tó ti parí. Jẹ́sì wí pé "À ń lọ Ọ̀yọ́". Bájì, tí a ṣe lẹ́yìn ìrìn, wí pé "A ti dé". "A" ni, kì í ṣe "mo": ẹni tó wa ọkọ̀ ẹrù àti àwọn tó se oúnjẹ gba bájì tiwọn pẹ̀lú.

Lọ́dọ̀ atẹ̀wé

Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú Unicode, á àti à náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń to àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ ètò yìí á sún àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí òfo rọ́pò rẹ̀. Noto Sans àti Charis SIL ń tò ó dáadáa. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán nínú fáìlì kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé má baà pààrọ̀ fọ́ǹtì yín.

Pọ́líẹ́sítà ni jẹ́sì kẹ̀kẹ́, sublimation ló sì bá a mu: ooru bíi 200°C máa ń sọ yíǹkì di gáàsì tó ń wọ inú aṣọ lọ. Kò dára lórí aṣọ òwú, kì í sì í hàn lórí aṣọ dúdú. Orí aṣọ funfun la ti tẹ àwọ̀ aró wa.

Ní ti bájì, ọ̀dọ̀ àwọn oní-monogram la lọ. Bí lẹ́tà bá kéré ju mìlímítà 5 tàbí 6 lọ, òwú á pa àmì abẹ́ ọ pọ̀ mọ́ lẹ́tà. A dín ọ̀rọ̀ kù, a mú lẹ́tà tóbi, a sì fi ìlà kúkurú ṣe àmì abẹ́, bíi ti àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ kan.

Àwa onípele ìkẹyìn ń múra aṣọ ìdágbére lọ́wọ́ báyìí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ iṣẹ́ náà sórí bébà ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ lórí aṣọ, kí ẹ sì fún ẹnìkan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ kó kà á sókè. Bí ohun tí ẹ gbọ́ bá jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ tẹ̀ ẹ́.